Alhaja Fẹ́ Lọ sí Lọ́ńdọ̀nù Nígbà Òtútù

ÌBÉÈRÈ: Waakye ni mò ń sè tà ní Sabon Zongo níbí. Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní Peckham ní kí n wá kí àwọn, kí n sì rí ọmọ ọmọ mi. Físà ti jáde. Ó ní owó ọkọ̀ òfurufú máa ń wálẹ̀ nígbà òtútù, ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò mi ní àgbàlagbà kì í lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lásìkò yẹn, pé òtútù ibẹ̀ ń wọ eegun. Ṣé kí n dúró di ìgbà tí oòrùn bá mú níbẹ̀ ni? Tí mo bá sì lọ, kí ni mo fẹ́ rí nígbà tí gbogbo ayé bá ti tilẹ̀kùn mọ́rí?
Alhaja kan, Sabon Zongo, Accra

ÌDÁHÙN: Alhaja, ẹ kú ìmúra ìrìnàjò. Ẹ lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ṣẹ́rẹ́. Nínú oṣù Ọ̀pẹ, àwọn tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù máa ń rọ́ wá sí Accra wá ṣọdún. Tí ọdún bá tán, gbogbo wọn á tún fẹ́ padà lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ tí ẹ̀yin náà fẹ́ wọ̀ ni wọ́n sì máa kún inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ tán. Ìparí Ṣẹ́rẹ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ Èrèlé ni kí ọmọ yín wá tíkẹ́ẹ̀tì sí, nítorí ní àárín Èrèlé àwọn ọmọ iléèwé ibẹ̀ máa ń gba ìsinmi, owó ọkọ̀ sì lè tún gbéra.

Àwọn aládùúgbò yín ò purọ́, àmọ́ ohun tó kéré ni wọ́n ń bẹ̀rù. Lọ́sàn-án, ìwọ̀n ooru Lọ́ńdọ̀nù lásìkò náà máa ń tó nǹkan bí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius, á sì já sí nǹkan bí 3 lóru. Òtútù tó ní ọ̀rinrin nínú ni. Inú ilé gan-an ni ẹ ti máa bá ọyẹ́ pàdé, torí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná máa ń mú kí awọ ara àti ètè gbẹ. Ẹ mú òrí dání.

Ẹ má dúró di Lọ́ńdọ̀nù kí ẹ tó ra aṣọ òtútù. Ọjà Kantamanto ò jìnnà sí yín. Ta ló ń bá yín du kóòtù tó nípọn nínú ooru Accra? Láti Britain ni ọ̀pọ̀ aṣọ àlòkù obroni wawu yẹn ti wá; ẹ̀ ń mú un relé ni. Ẹ wá èyí tó gùn dé orúnkún, tí omi ò lè tètè wọ̀, kí ẹ sì wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì sábẹ́ rẹ̀. Bàtà nìkan ni kí ẹ rà ní tuntun, torí àtẹ́lẹsẹ̀ tó ti jẹ máa ń yọ̀ lórí yìnyín.

Òkùnkùn ni kí ẹ múra dè. Ní ìparí Ṣẹ́rẹ́, oòrùn ò ní yọ títí di nǹkan bí aago mẹ́jọ ku ogún ìṣẹ́jú, kó tó aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ á sì ti wọ̀. Àyìlà, Àsárì àti Mọ̀ǹgàríbì á bọ́ sáàárín wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ péré. Ẹni tó bá sùn di aago mọ́kànlá ti pàdánù ọjọ́ náà. Ẹ tètè jáde, kí ẹ sì fi alẹ́ sílẹ̀ fún ọmọ ọmọ yín. Tí ààwẹ̀ bá ká yín mọ́bẹ̀ nínú oṣù Èrèlé, inú yín á dùn: ó kúrú ju ti Accra lọ.

Kí ni ẹ máa rí? British Museum, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí àwọn nǹkan ilẹ̀ Áfíríkà wà. Ibẹ̀ ni orí idẹ Ifẹ̀ kan wà, ọ̀kan nínú èyí tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938. Àwọn wúrà Asante náà wà lọ́wọ́ wọn. Ní 2024 ni wọ́n yá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ààfin Manhyia ní Kumasi díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ mú ọmọ náà dání lọ síbẹ̀, ẹ̀yin sì ni kí ẹ ṣàlàyé fún un, ẹ má fi í sílẹ̀ fún ìwé ara ògiri. Lásìkò òtútù, èrò ò pọ̀, ẹ lè dúró níwájú orí náà bó bá ṣe wù yín. Bí ooru bá ń wù yín, ẹ lọ sí Palm House ní ọgbà Kew, ilé onígíláàsì tí wọ́n ń mú gbóná fún àwọn igi ilẹ̀ olóoru. Owó ni wọ́n fi ń wọlé síbẹ̀ o.

Àjà òkè bọ́ọ̀sì ni kí ẹ ti máa wo ìlú. Láti 2014 ni bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù kò ti gba owó lọ́wọ́ mọ́, nítorí náà kí ọmọ yín bá yín wá káàdì ìsanwó sílẹ̀.

Ẹ kó oògùn yín tòun ti páálí rẹ̀ àti ìwé dókítà sínú báàgì ọwọ́, kí ẹ sì ra ìwé adójútòfò ìrìnàjò, torí owó ni wọ́n máa ń gbà lọ́wọ́ àlejò tí wọ́n bá dá dúró ní ilé ìwòsàn. Mo mọ̀ pé kílíṣí àti wàgàṣí ló máa wù yín láti dì fún ọmọ yín, àmọ́ ẹran àti ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe ò gbọdọ̀ wọlé láti Gánà. Wọ́n á gbà á ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n á sì dà á nù. Gààrí ni kí ẹ dì.