Èédú nínú tàǹkì ẹja: ẹ̀kọ́ kan lórí ìṣẹ̀dá èdè-ìperí

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, mo túmọ̀ gbólóhùn kan fún àbúrò bàbá mi, ó sì gba ìtumọ̀ náà gbọ́. Ọjọ́ kẹta, ẹja rẹ̀ léfòó. Ọ̀rọ̀ náà ni mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀kọ́ fún àwa tí a ń kọ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ máa ṣe iṣẹ́ lórí èdè-ìperí ní sáà tó ń bọ̀. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, ẹ bá wa dá sí i.

1. Ohun tó ṣẹlẹ̀

Ìgbògbò ni ilé wa, ní ìhà Ìkòròdú. Bàbá Ẹlẹ́ja, bí gbogbo ilé ṣe ń pe àbúrò bàbá mi, ń sin ẹja àrọ̀ nínú tàǹkì tapólíìnì mẹ́ta. Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń fa omi fún wọn bàjẹ́, wọn kò rí omi pààrọ̀ bó ṣe yẹ. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ìtọ̀, ẹja kò sì jẹun mọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Lọ́ńdọ́nù pè wá lórí WhatsApp. Òun náà ń sin ẹja, ṣùgbọ́n ẹja òkun ni tirẹ̀, pẹ̀lú iyùn tó wà láàyè, nínú àpótí gíláàsì ní pálọ̀. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ní ìṣòro náà jọ èyí tí òun fi biopellets yanjú. Gẹ̀ẹ́sì ló fi ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló sì gbé àlàyé náà ró: nutrient, bacteria àti carbon.

Bàbá Ẹlẹ́ja kọjú sí mi. "Ìwọ tó ń kọ́ èdè ní yunifásítì, kí ni ẹ̀gbọ́n rẹ wí?"

Mo ní, "Wọ́n ní èròjà aṣaralóore ti pọ̀ jù nínú omi yín, sà. Wọ́n ní kí ẹ fún àwọn kòkòrò inú rẹ̀ ní èédú jẹ."

Wọ́n wò mí títí. "Ohun tó ń ṣe ara lóore ló ń pa ẹja mi? Kòkòrò tí mò ń fi iyọ̀ pa, òun ni kí n wá máa bọ́?" Síbẹ̀, wọ́n gbọ́ èédú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ra àpò èédú kan, wọ́n sì da ìdajì rẹ̀ sínú tàǹkì tó burú jù. Ẹja tó kú nínú tàǹkì yẹn ju ìdajì lọ. Owó WAEC ọmọ wọn wà nínú ẹja náà.

Bóyá ẹja ì bá kú bí n kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì tí wọ́n fi ń dúró de èédú, omi ló yẹ kí wọ́n fi wá.

2. Kí ni biopellets ń ṣe gan-an?

A kì í sọ ọmọ tí a kò tíì rí lórúkọ. Kí a tó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún nǹkan, ó yẹ kí a mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú àpótí ẹ̀gbọ́n mi.

Iyùn tí a mọ̀ sí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọba, ara ẹ̀dá kékeré kan nínú òkun ló ti wá. Àwọn ìbátan rẹ̀ kan wà níbi tí omi òkun ti mọ́ tó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí wọ́n ń kọ́ ilé bí òkúta lé ara wọn lórí títí yóò fi di òkìtì ńlá. Òkìtì iyùn ni n ó máa pè é níhìn-ín. Ẹni tó bá fẹ́ sin irú iyùn bẹ́ẹ̀ nílé á po iyọ̀ òkun mọ́ omi, nǹkan bí giráàmù 35 sí lítà kan, á sì máa wá bí omi náà ṣe máa mọ́ bíi ti òkun.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹja ń jẹun, ó sì ń yàgbẹ́. Ìdọ̀tí ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù ń di àmóníà, èyí tó ń pa ẹja. Bakitéríà kan á sọ àmóníà di nítíráìtì, tí òun náà jẹ́ májèlé. Òmíràn á sọ nítíráìtì di nítíréètì, tí ẹja lè fara dà dé ìwọ̀n kan. Fọ́sífétì náà á máa kóra jọ láti ara oúnjẹ. Bí nítíréètì àti fọ́sífétì bá pọ̀ jù, ohun aláwọ̀ ewé tó máa ń yọ̀ lára ògiri kànga á hù bo iyùn mọ́lẹ̀.

Ibí ni biopellets ti wúlò. Kóró kéékèèké ni wọ́n. Ohun tí a fi ṣe wọ́n jọ ike, ṣùgbọ́n irú èyí tí bakitéríà fúnra rẹ̀ máa ń ṣe sínú ara bí ọ̀rá ni. Maurice Lemoigne, ará Faransé, ló ṣàlàyé ọ̀kan nínú irú rẹ̀ ní 1926. A ó da àwọn kóró yìí sínú ọ̀pá kan tí omi ń ti ìsàlẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, kí wọ́n máa yí, kí wọ́n má baà lẹ̀ pọ̀. Bakitéríà á hù sí ara wọn, á sì máa jẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n kábọ́ọ̀nù nìkan ló wà nínú kóró náà tó lè lò láti fi dàgbà. Bí ìgbà tí mọlémọlé ní yanrìn ṣùgbọ́n tí kò ní sìmẹ́ńtì ni. Nítorí náà, á fa nítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́sì láti inú omi kí ara rẹ̀ tó lè pé. Nígbà tó bá re bọ́ kúrò lára kóró, ẹ̀rọ tó ń sọ omi di ìfóòfó bíi ti ọṣẹ á gbé e jáde. Ìdọ̀tí tí a kò lè fi ọwọ́ kó ti di ara bakitéríà, a sì ti kó bakitéríà dànù.

Ó gba sùúrù. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí bakitéríà tó pọ̀ tó. Bí a bá da kóró púpọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan, omi lè ṣófo jù kí iyùn sì funfun. Ohun mìíràn tún wà: nínú ìwádìí tí Alfred Redfield bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde ní 1934, ó hàn pé àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ inú òkun máa ń ní nǹkan bí kábọ́ọ̀nù 106 àti nítírójìn 16 sí fọ́sífọ́rọ́sì 1. Ìyẹn ni pé nítírójìn ni irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ń fà jù. Nítíréètì lè tán nínú omi kí fọ́sífétì ṣì wà níbẹ̀, iṣẹ́ kóró á sì dúró. Ẹni tó ń sin iyùn á wá nǹkan mìíràn tó ń mú fọ́sífétì.

Ṣé èyí kan ẹja àrọ̀? Ó kàn án. Ní 1999, Yoram Avnimelech, onímọ̀ nípa ẹja sísìn ní Ísírẹ́lì, tẹ ìwé jáde lórí ọgbọ́n kan náà fún adágún ẹja: bí a bá fi ìyẹ̀fun tàbí ṣúgà bọ́ bakitéríà, wọ́n á fa àmóníà sára. Ìṣirò rẹ̀ ni pé nǹkan bí giráàmù 20 irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ló ń mú giráàmù 1 nítírójìn inú àmóníà kúrò. Làfún lè ṣe é, làfún kò sì wọ́n ní Ìgbògbò. Ṣùgbọ́n bakitéríà náà ń mí. Bí kò bá sí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi tọ̀sán-tòru, wọ́n á gba ọ́síjìn mọ́ ẹja lọ́wọ́. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, kì í ṣe ohun tí à ń dédé dá wò. Lọ́jọ́ tí omi bá sì ti ń rùn bí ìtọ̀, kí a dá oúnjẹ dúró kí a sì pààrọ̀ omi ló kọ́kọ́ kàn.

3. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta, àṣìṣe mẹ́ta

Aṣaralóore. Ẹ jẹ́ kí a tú u: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- ló wọlé sí ara àpólà ìṣe ṣe ara ní oore, ìpajẹ fáwẹ̀lì ṣẹlẹ̀, ní sì di l níwájú oore. Ọ̀rọ̀ tó dára ni, nínú ẹ̀kọ́ oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ wà nínú rẹ̀: ó ti sọ pé oore ni nǹkan náà ń ṣe. Ta ni yóò sá fún oore? Mo gbà pé ajílẹ̀ inú omi ló yẹ kí n sọ. Ilẹ̀ wà nínú ajílẹ̀ lóòótọ́, a- + jí + ilẹ̀, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kì í tú ọ̀rọ̀ kó tó lò ó. Ohun tó mọ̀ ni pé ajílẹ̀ dára, àti pé bó bá pọ̀ jù, ó ń jó ọ̀gbìn.

Kòkòrò. Lẹ́nu wa, kòkòrò tí a kò lè fojú rí kò jìnnà sí kòkòrò àrùn, ohun tí a sì ń ṣe sí i ni pé kí a pa á. Mo ń bẹ ẹlẹ́ja pé kó bọ́ ọ̀tá rẹ̀. Níhìn-ín, ọ̀rọ̀ àyálò bakitéríà sàn jù, nítorí kò tíì ní orúkọ búburú. A lè wá fi ohun tí onílé mọ̀ ṣàlàyé rẹ̀: ọ̀kan lára wọn ló ń mú ògì kan, òmíràn ló ń mú irú rà.

Èédú. Èyí ló dun èmi jù. Kábọ́ọ̀nù ló pọ̀ jù nínú èédú, àmọ́ kábọ́ọ̀nù wà nínú ṣúgà, làfún àti epo pẹ̀lú. Mo fi orúkọ ọmọ kan pe gbogbo ìdílé. Bakitéríà inú tàǹkì kò lè fi èédú ṣe oúnjẹ. Eérú ara èédú sì máa ń mú omi dà bí omi kánún. Bí omi bá ti rí bẹ́ẹ̀, èyí tó pọ̀ sí i nínú àmóníà á di irú tó ń pa ẹja. Oúnjẹ bakitéríà ni ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ń sọ. Kí kábọ́ọ̀nù jẹ́ orúkọ fún kíláàsì kẹ́místrì, kí èédú sì dúró ti ààrò. Biopellets fúnra wọn, mo dábàá kóró oúnjẹ bakitéríà.

Ẹ tún kíyè sí nítíráìtì àti nítíréètì. Ìró àárín nìkan ló yà wọ́n, bíi ti ọ̀rọ̀ oníyàtọ̀ kan ṣoṣo tí a máa ń wá nínú ẹ̀kọ́ fonọ́lọ́jì. Ẹni tó bá kọ méjèèjì bákan náà ti da májèlé pọ̀ mọ́ ohun tí ẹja lè fara dà.

4. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀

Ní 1970, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tó fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, sáyẹ́ǹsì wà nínú rẹ̀. Níwájú àwọn ọmọ tó ń lò ó ni ọ̀rọ̀ ti gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́. Ohun tí èmi kò ṣe nìyẹn. Mo wo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo wo ọ̀rọ̀ Yorùbá, n kò wo Bàbá Ẹlẹ́ja.

Nísinsìnyí, kí n tó gba ọ̀rọ̀ tuntun wọlé, mo máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó máa lò ó, mo sì máa ń béèrè pé, "Kí lẹ máa wá ṣe, sà?" Ìdáhùn rẹ̀ ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà.

Mo padà lọ bá Bàbá Ẹlẹ́ja. Mo ní, "Ajílẹ̀ pọ̀ jù nínú omi yín, sà. Àwọn bakitéríà kan wà, irú èyí tó ń mú ògì kan, tó lè jẹ ẹ́ kúrò, àmọ́ wọ́n ń fẹ́ oúnjẹ, wọ́n sì ń fẹ́ atẹ́gùn. Kí lẹ máa ṣe?"

Wọ́n ronú díẹ̀. "Màá kọ́kọ́ tún ẹ̀rọ omi mi ṣe. Lẹ́yìn náà, o lè wá sọ ti làfún rẹ fún mi."

Ìdánrawò

(i) Tú ajílẹ̀, aṣaralóore àti àìfojúrí sí mọ́fíìmù wọn. Èwo ló ní ìdájọ́ nínú?
(ii) Dábàá ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀rọ tó ń fi ìfóòfó gbé ìdọ̀tí jáde nínú omi. Sọ ọ́ fún ẹnì kan tí kò lọ sí yunifásítì, kí o sì kọ ohun tó ní òun máa lò ó fún sílẹ̀.