Ọjọ́ Wo Gan-an Ni Ogun Kírìjì Parí?

ÌBÉÈRÈ

Iléeṣẹ́ rédíò kékeré kan ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni mo ti ń ṣe ètò àárọ̀. Kí ìròyìn aago méje tó wọlé, mo máa ń ka ohun tí mo pè ní "Òní Nínú Ìtàn", ìyẹn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní irú ọjọ́ òní láyé àtijọ́. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tó di ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án, mo kà á pé ọjọ́ náà ni Ogun Kírìjì parí ní 1886. N kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí fóònù fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Bàbá kan láti Ìkìrun ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé ogun ṣì wà lágbègbè àwọn títí di 1893. Ẹlòmíràn ní oṣù Kẹfà ni wọ́n ti fọwọ́ síwèé àdéhùn. Olùkọ́ kan tún wá fi tirẹ̀ lé e: kí ló dé tí gbogbo ọjọ́ tí mò ń kà fi jẹ́ ti òyìnbó, àbí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá kí wọ́n tó dé ni? Ọ̀gá mi ti ní bí ètò náà yóò bá máa dá ìjà sílẹ̀, kí n kúkú fi orin dípò rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́ sà, ta ló jàre? Báwo ni mo sì ṣe lè mọ ọjọ́ tó tọ̀nà?

Olóòtú ètò àárọ̀, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ìfaradà, arábìnrin mi. Ẹ má tíì gbé orin síbẹ̀ o. Bí èèyàn bá lè torí ọjọ́ inú ìtàn pe rédíò kó tó jẹun àárọ̀, ẹ mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́ yín. Ní ti ẹjọ́ tí ẹ gbé wá, kò sẹ́ni tó purọ́ nínú yín. Ọjọ́ ìparí tí Ogun Kírìjì ní ju ẹyọ kan lọ, kálukú yín sì di èyí tó kàn án mú.

Láti nǹkan bí 1878 ni Ìbàdàn, lábẹ́ Ààrẹ Látòósà, àti Èkìtì Parapọ̀, tí Ọgẹ́dẹ̀ngbé ará Iléṣà ń ṣíwájú wọn, ti ń yìnbọn lu ara wọn lórí àwọn òkè tó wà láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Ogun náà pẹ́ débi pé ibùdó di ìlú. Wọ́n kọ́lé síbẹ̀, wọ́n ná ọjà níbẹ̀, Látòósà fúnra rẹ̀ sì kú síbẹ̀ ní 1885. Nígbà tí ọ̀rọ̀ àlàáfíà dé, ọwọ́ àwọn àlùfáà ìjọ ló gbà: Samuel Johnson, ẹni tó kọ ìwé ìtàn àwọn Yorùbá, àti Charles Phillips ni wọ́n ń jẹ́ iṣẹ́ Gómìnà Moloney láti Èkó, láti ibùdó kan dé èkejì. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1886 ni àwọn ọba àti àwọn olórí ogun fọwọ́ sí àdéhùn. Nítorí náà, ẹni tó pè yín nípa oṣù Kẹfà mọ ohun tó ń sọ.

Ṣùgbọ́n ìwé kì í tú ibùdó ogun ká. Ta ni yóò kọ́kọ́ kẹ́rù, kí ọ̀tá má baà gbá tọ̀ ọ́ lẹ́yìn? Ó di oṣù Kẹsàn-án kí àwọn aṣojú ìjọba Èkó, Higgins àti Smith, tó dé ojú ogun náà gan-an. Ọjọ́ 23 oṣù ọ̀hún ni wọ́n kéde àlàáfíà níṣojú tọ̀tún tòsì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn jagunjagun kẹ́rù, tí wọ́n sì dáná sun ibùdó tí wọ́n ti ń gbé láti ọdún mélòó kan.

Bàbá Ìkìrun wá ńkọ́? Ìlọrin kò sí nínú àdéhùn yẹn. Àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn tí wọ́n dojú kọ Ìlọrin ní apá Ìkìrun àti Ọ̀fà kò lè torí pé ìbọn Kírìjì dákẹ́ kí wọ́n dìde lọ sílé. 1893 ni Gómìnà Carter tó wá dé ọ̀dọ̀ wọn, tí ẹgbẹ́ méjèèjì sì tú ká. Ará Ìkìrun tó bá ń ka ọjọ́ tí ogun parí, ọjọ́ tí àgbẹ̀ lè roko láìwẹ̀yìn ló ń kà, kò sì sí bí ẹ ó ṣe dá a lẹ́bi.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú rèé. Ìṣẹ̀lẹ̀ ńlá kì í ní ọjọ́ kan. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n pinnu rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ síwèé, ọjọ́ tí wọ́n kéde, ọjọ́ tí ará oko gbọ́, àti ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́. Ẹ sọ èyí tí ẹ ń kà. Bí ẹ bá ní "ní irú ọjọ́ òní ní 1886 ni wọ́n kéde àlàáfíà láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀," fóònù ò ní dún. Tàbí kó dún, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa jàre.

Ibi gbogbo ló ti rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣe àjọ̀dún òmìnira wọn ní ọjọ́ 4 oṣù Keje. Ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1776 ni ìgbìmọ̀ wọn dìbò pé àwọn kúrò lábẹ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ 4 ni wọ́n fara mọ́ ìwé tó kéde rẹ̀. Nígbà tó sì di ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí i. John Adams, tó di ààrẹ wọn lẹ́yìn náà, kọ̀wé sí ìyàwó rẹ̀ pé ọjọ́ 2 ni àwọn ọmọ àwọn yóò máa fi ṣe àjọ̀dún. Ó ta á tì díẹ̀. Ti àwọn ẹrú Texas tún dunni jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1863 ni Ààrẹ Lincoln ti kéde pé ẹrú tó bá wà ní àwọn ìpínlẹ̀ ọlọ̀tẹ̀ ti dòmìnira. Àwọn olówó wọn ní Texas kò tẹ̀ lé e, wọ́n ń kó wọn lọ sóko òwú. Ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà ọdún 1865 ni ọ̀gágun ìjọba dé Galveston, tó ní kí wọ́n kà á sí wọn létí. Ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ ọ ni àwọn aláwọ̀ dúdú ń ṣe títí di òní, wọn kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ lásán.

Ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ sí ọ̀dọ̀ olùkọ́ yẹn, torí ìbéèrè tirẹ̀ ló le jù. Òun náà jàre. Ẹ wo Àjàyí Crowther. Ní 1821 ni àwọn ogun tó ń kẹ́rú ya wọ Òṣogùn, ìlú rẹ̀. Nínú lẹ́tà tó kọ ní 1837, ó sọ pé ìgbà tí wọ́n ń gbọ́únjẹ àárọ̀ lọ́wọ́ ni wọ́n ká ìlú mọ́. Ẹ wò ó bó ṣe rántí: ó rántí ìdáná, ó rántí ariwo, ó rántí bí wọ́n ṣe so okùn mọ́ wọn lọ́rùn. Ọjọ́ oṣù wo ni? Kò sí. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, títí ó fi bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, Myrmidon, wá mú ọkọ̀ náà, kíá, ọjọ́ yọ: ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1822. Láti ìgbà náà lọ, ayé ọkùnrin yìí kún fún ọjọ́. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1864 ni wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891 ló kú. Ṣùgbọ́n ọdún tí ìyá rẹ̀ bí i, "nǹkan bí 1809" ni gbogbo wa ń sọ.

Ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi a máa ní ìwé tó ń kọ ohun gbogbo sí lójoojúmọ́, atẹ́gùn, òjò, ìbọn tí wọ́n yìn. Tiwa, orí oyè ọba, ogun àti ìyàn ni a fi ń ka ìgbà, ọjọ́ ọjà ni a sì fi ń ka ọjọ́. Ìyẹn tó fún ohun tí a ń fi í ṣe. Àmọ́ kò ṣeé gbé sórí kàlẹ́ńdà òyìnbó, ìdí nìyẹn tí ètò yín fi ń kún fún ohun tí òyìnbó bá wà níbẹ̀. Èkó ni àpẹẹrẹ tó dára jù. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì yin ìbọn ọkọ̀ ogun lu ìlú náà láti ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọjọ́ kejì Kérésì, títí Ọba Kòsọ́kọ́ fi sá kúrò lórí oyè. Ìwé ọkọ̀ kọ ọjọ́ sílẹ̀. Àwọn ará Èkó ò fi ọjọ́ pè é: ìró ìbọn ńlá náà ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Ìjà Àgídìngbì.

Ọjọ́ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ kà fún olùkọ́ náà, ọjọ́ 25 oṣù Kìn-ín-ní. Ní ọdún 1835, ní Salvador nílẹ̀ Bahia ní Brazil, àwọn ẹrú àti àwọn tó ti ra ara wọn padà, Mùsùlùmí tí wọ́n ń pè ní Malê, dìde sí àwọn olówó wọn. Nàgó, ìyẹn àwa Yorùbá, ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọn ò ṣàdédé mú ọjọ́ náà. Ọjọ́ Àìkú ni, àjọ̀dún ìjọ Àgùdà wà ní Bonfim, àwọn olówó wọn yóò ti lọ síbẹ̀, ìlú yóò ṣófo. Ààwẹ̀ Ràmádáànì sì ti ń lọ sópin. Àwọn tó ń lo kàlẹ́ńdà méjì pọ̀ ni wọ́n, ti Lárúbáwá àti ti Àgùdà, wọ́n sì mọ ibi tí méjèèjì ti pàdé. Àṣírí tú lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ìjà bẹ́ lóru kí wọ́n tó múra tán, bí 70 nínú wọn ló sì bá a lọ. Ẹ mọ bí a ṣe mọ gbogbo èyí? Ìwé ilé ẹjọ́ tó dá àwọn tó kù lẹ́bi ni, pẹ̀lú tírà tí wọ́n gbà lára wọn, tí ó ṣì wà ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba Bahia.

Bí ẹ bá rí ọjọ́ kan tí nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀, ẹ má sọ pé iṣẹ́ ìyanu ni. Ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ni wọ́n dá ìjọba Gúúsù àti ti Àríwá Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1900, òun náà ni wọ́n fi so wọ́n pọ̀ ní 1914. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ni òmìnira 1960, òun náà ni a di olómìnira tí kò lọ́ba Gẹ̀ẹ́sì lórí mọ́ ní 1963. Ọ́fíìsì ìjọba ló fẹ́ràn ọjọ́ kìíní oṣù.

Ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà gba ìṣọ́ra ju gbogbo wọn lọ, torí ilẹ̀ Yorùbá lẹ ti ń sọ̀rọ̀. Ní 1993, ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ ìdìbò ni. Ọjọ́ 23 oṣù yẹn ni ìjọba Babangida fagi lé e. Wọn ò búra fún Abíọ́lá, ẹni tó borí nínú ìdìbò náà, rí, òun fúnra rẹ̀ ló kéde ara rẹ̀ ní ààrẹ ní Èpètèdó ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 1994. Ìjọba àpapọ̀ ti kọ́kọ́ sọ ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún di Ọjọ́ Ìjọba Tiwa-n-tiwa, kí Ààrẹ Buhari tó yí i sí ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà. 2019 ni a sì kọ́kọ́ ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ pé ìdìbò ni, ẹ má sọ pé ìbúra ni.

Kí n tó gbàgbé: bí ẹ bá ń ka ti ilẹ̀ òkèèrè, ẹ wo kàlẹ́ńdà tí wọ́n ń lò nígbà náà. Ìyípadà ìjọba Oṣù Kẹwàá ti Rọ́ṣíà ní 1917, oṣù Kọkànlá ló bọ́ sí lórí kàlẹ́ńdà tiwa, ọjọ́ 7. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá sùn ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1752, wọ́n jí ní ọjọ́ 14, nítorí ọdún náà ni wọ́n yí kàlẹ́ńdà padà.

Fún ohun tí kò ní ọjọ́, ẹ yan àárọ̀ kan lọ́sẹ̀, kí ẹ kà á bí àwọn bàbá wa ṣe ń kà á: "ní ayé Aláàfin Abíọ́dún," tàbí "kí Ọ̀yọ́-Ilé tó tú." Ẹ má dá ọjọ́ oṣù sílẹ̀ fún un kó lè bá kàlẹ́ńdà mu. Ilé Ìpamọ́ Ìwé Ìjọba wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn tí ẹ bá fẹ́ wo ìwé fúnra yín. Ẹ sì bá mi bẹ àwọn olùgbọ́ yín: ìwé ìrìbọmi, Bíbélì ìdílé tí wọ́n kọ ọjọ́ ìbí sí lẹ́yìn, rìsíìtì ilẹ̀, lẹ́tà tí bàbá àgbà kọ láti ojú ogun Burma, kí wọ́n má dáná sun ún nígbà tí wọ́n bá ń palẹ̀ yàrá olóògbé mọ́. Kí wọ́n yà á sórí fóònù, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí yín.