Kọ̀ǹpútà Mẹ́fà, Kọ́kọ́rọ́ Kan: Ìkìlọ̀ Fún Ẹ̀yin Onísọ́ọ̀bù Alímọ̀ṣọ́

Ọ̀rẹ́ mi kan ní sọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Ìkòtún, níbi tí ohùn àwọn kọ́ńdọ́ tó ń pe Ìjẹ̀gùn àti tàwọn tó ń pe Ìgándò ti máa ń bára wọn jà. Kọ̀ǹpútà mẹ́fà ló wà níbẹ̀, tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lásìkò tí àwọn ọmọ ń tò lẹ́nu ọ̀nà láti forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, ọmọṣẹ́ rẹ̀ figbe ta: "Ọ̀gá, ẹ wá wo nǹkan o! Kò sí fáìlì kankan tó ṣí mọ́!" Ìwé ètò ìsìnkú tí wọ́n fi gbogbo òru tẹ̀, káàdì ìgbéyàwó, iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́, gbogbo rẹ̀ ti di ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè kà. Nínú fódà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ju lẹ́tà kan sí, orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ _readme.txt. Lẹ́tà náà ò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: ẹ san 980 dọ́là kí ẹ tó rí iṣẹ́ yín gbà. Bí ẹ bá sì yára san án kí wákàtí 72 tó pé, ẹ̀dínwó wà, 490 lẹ ó san. Ajínigbé tó ń fúnni ní ẹ̀dínwó!

Báwo ló ṣe wọlé? Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, ọ̀rẹ́ mi ti ránṣẹ́ pe ẹnjiníà kan kó wá bá òun fi Office sórí gbogbo ẹ̀rọ. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó rà fún láptọ́ọ̀pù tirẹ̀. Ẹnjiníà ní ìyẹn ò ní wàhálà. Ó fa fíláàṣì yọ lápò, ó kọ́kọ́ pa antivirus ná, ó ní kò ní í jẹ́ kóun ráyè ṣiṣẹ́, ó wá fi crack, ètò tó ń jẹ́ kí sọ́fítíwíà ṣiṣẹ́ láìsanwó, ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí omi tó hó lórí iná, ó ti parí. Owó ọkọ̀ àti owó kóòkì nìkan ló gbà. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Kọ̀ǹpútà mẹ́fà ni ọ̀rẹ́ mi kà. Kò ka ohun tó wà lẹ́yìn wọn.

Irú fáírọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ nígboro. STOP ni wọ́n ń pè é, àwọn mìíràn ń pè é ní Djvu, inú crack àti inú àwọn ètò tó ń pèsè kọ́ọ̀dù ayédèrú ló sì fẹ́ràn láti máa lúgọ sí. Ó mọ irú ẹni tí òun ń dọdẹ rẹ̀. Ẹni tó ń wá crack ló máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ pa antivirus, òun náà ló máa ń tẹ "Yes" nígbà tí Windows bá ń kìlọ̀ fún un. Olè wo ló tún ń wá ilẹ̀kùn tó rọrùn ju ìyẹn lọ? Lọ́dún 2019, iléeṣẹ́ Emsisoft gbé ètò ọ̀fẹ́ kan jáde tó ń ṣí àwọn fáìlì tí ọ̀pọ̀ lára irú rẹ̀ tó ti pẹ́ tì pa. Ti ọ̀rẹ́ mi kò sí lára wọn. Ohun tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ní lórí WhatsApp nìkan ló padà rí.

Mo ń sọ èyí fún ẹ̀yin oníbísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà láti Ìdímù títí dé Ìyànà Ìpájà, fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé-ìwé aládàáni, fún akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́ṣáláṣí. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò ju ìṣirò lọ: mélòó ni ẹ̀rọ yín, mélòó sì ni ìyọ̀ǹda tẹ́ ẹ ní?

Gbogbo wa la mọ ilé gbígbà. Ẹni tó gba yàrá kan ní Ẹ̀gbẹ́dá mọ̀ pé yàrá kan lòun sanwó fún. Bí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bá ṣèèṣì ṣí yàrá tó kọjú sí tirẹ̀, ìyẹn ò sọ ọ́ di oníyàrá méjì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni sọ́fítíwíà rí. A kì í rà á bí ẹni ra gàrí. Ìyọ̀ǹda láti lò ó là ń rà, ìyọ̀ǹda ọ̀hún sì ní ìwọ̀n. Inú ìwé àdéhùn gígùn tí gbogbo wa máa ń fò kọjá ká lè tètè tẹ "I Agree" ni wọ́n kọ ìwọ̀n náà sí: iye ẹ̀rọ, tàbí iye èèyàn, àti bóyá ilé la ti fẹ́ lò ó tàbí ibi òwò.

Ẹ jẹ́ ká fi Windows ṣàpẹẹrẹ. Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni OEM, èyí tó bá kọ̀ǹpútà jáde láti iléeṣẹ́ tó ṣe é. Òun àti ẹ̀rọ náà ló jọ ń kú. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, ẹ ò lè ṣí i nídìí kẹ́ ẹ gbé e lọ sórí òmíràn. Ìkejì ni retail, èyí tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀. Èyí ṣeé kó lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn bí ayálégbé ṣe ń kó ẹrù, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò lórí ti àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ kan ni lẹ́ẹ̀kan. Ìkẹta ni volume, ti iléeṣẹ́ àti ilé-ìwé ńlá tó ti sanwó fún iye ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ fi í sí.

Ti Office tún ní ọgbọ́n tirẹ̀. Office Home and Student 2021 wà fún kọ̀ǹpútà kan péré. Microsoft 365 kì í ka ẹ̀rọ, èèyàn ló ń kà: ẹni tó bá ra Personal lè lò ó lórí ẹ̀rọ márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ òun nìkan ni, Family sì lè gba èèyàn mẹ́fà. Àwọn kan á wá ní, "Ó parí! Màá ra Family, màá pín in fún àwọn ọmọṣẹ́ mi." Ẹ dúró ná. Inú ilé ni wọ́n ṣe gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí fún, wọn ò ṣe é fún òwò. Iye lè pé kí ìlò máà tọ́. Ti Adobe, ẹnì kan lè ṣí i sórí kọ̀ǹpútà méjì, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ lo méjèèjì papọ̀. Antivirus ní tirẹ̀ ń kọ iye ẹ̀rọ sára páálí. Bí iye yẹn bá ti pé, kọ́ọ̀dù ò ní í ṣí òmíràn mọ́.

Ẹ sì máa fi ojú ọ̀tọ̀ wo ọ̀fẹ́ àti ọ̀fẹ́. TeamViewer jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ìlò ara ẹni. Tẹ́ ẹ bá ń fi í bá oníbàárà tún kọ̀ǹpútà ṣe láti gba owó, ẹ ti kúrò lábẹ́ ọ̀fẹ́ yẹn. WinRAR dà bíi lánlọ́ọ̀dù tí ojú ń tì láti lé èèyàn: ogójì ọjọ́ ló fún yín láti dán an wò, lẹ́yìn ìyẹn á máa rán yín létí, á sì máa ṣí fún yín síbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè ni. 7-Zip ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ọ̀fẹ́ ni nílé, ọ̀fẹ́ ni ní sọ́ọ̀bù, ì báà jẹ́ lórí ọgọ́rùn-ún ẹ̀rọ.

Mo ti gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ lọ́kàn: "Ta ni yóò wá mú mi ní Ìgándò?" Àwọn tó mọ̀wé díẹ̀ á tiẹ̀ mẹ́nu ba ẹjọ́ tí Microsoft pe iléeṣẹ́ Franike Associates, tí Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn kò sì dá Microsoft láre; ẹjọ́ náà wà nínú àkójọ ẹjọ́ ọdún 2012. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ wo ohun tó fà á. Ilé-ẹjọ́ ò sọ pé ẹ̀dà jíjí dáa. Iléeṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè ni Microsoft, wọn ò sì fẹ̀rí hàn pé ìjọba wa ti gbé àṣẹ jáde tó na ààbò òfin Nàìjíríà dé orí iṣẹ́ àwọn ará orílẹ̀-èdè wọn. Ẹni tó bá fi èyí ṣe ibi ìsádi, ó sá sábẹ́ igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ nígbà òjò.

Òfin Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́-Ọpọlọ ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù lọ́jọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2023, ti wà báyìí. Ètò kọ̀ǹpútà wà lára ohun tó dáàbò bò. Ó ka jíjá àgádágodo tí oníṣẹ́ fi sára iṣẹ́ rẹ̀ léèwọ̀, kí wá ni crack bí kò ṣe ìjá-àgádágodo? Ìtanràn ẹni tó ń ṣe ẹ̀dà ayédèrú, orí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀, yàtọ̀ sí ti ẹ̀wọ̀n. Ẹnjiníà tó bá ń ti sọ́ọ̀bù dé sọ́ọ̀bù pẹ̀lú fíláàṣì, kó rántí gbólóhùn yìí dáadáa. Àjọ tó ń rí sí i ni Nigerian Copyright Commission. NCC lòun náà ń jẹ́ ní ìkékúrú, ṣùgbọ́n kì í ṣe NCC ti tẹlifóònù. Ó ní àwọn olùyẹ̀wò tirẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wọ sọ́ọ̀bù yín pé NCC ló rán òun, ẹ bọ̀wọ̀ fún un, ẹ béèrè káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, ẹ má sì kówó lé e lọ́wọ́. Gbájúẹ̀ náà mọ orúkọ àjọ.

Ẹ má tún rò pé òyìnbó nìkan là ń jí iṣẹ́ rẹ̀. Èkó níbí ni SystemSpecs ti ṣe HumanManager, ètò tí àwọn iléeṣẹ́ ń lò fún owó oṣù òṣìṣẹ́. Ọmọ tó jókòó ti kọ̀ǹpútà lóru láti kọ ètò tí ilé-ìwé yín fi ń ṣe èsì ìdánwò, ó lè jẹ́ ọmọ ilé kejì. Ẹ̀dà kan tẹ́ ẹ rà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́ ẹ fi bọ́ ilé-ìwé mẹ́ta, oúnjẹ rẹ̀ lẹ jẹ.

Kí lẹ wá máa ṣe? Ẹ di bọ́tìnnì Windows mú, ẹ tẹ R mọ́ ọn. Nínú àpótí kékeré tó bá jáde, ẹ tẹ slmgr /dli, kí ẹ wá tẹ Enter. Bí ẹ bá rí OEM nínú ohun tó kọ, ìyọ̀ǹda tó bá ẹ̀rọ wá nìyẹn. Bí RETAIL ni, ẹ wá rìsíìtì rẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá rí VOLUME_KMSCLIENT nínú sọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà mẹ́fà, ẹ bi ara yín léèrè. KMS, ọ̀nà tí àwọn oní-volume ń gbà ṣí Windows wọn, kì í dá Windows lóhùn rárá àfi tí ẹ̀rọ tó ń pè é bá pé 25, ọjọ́ 180 sì ni ìyọ̀ǹda rẹ̀ máa ń lò kó tó di pé wọ́n tún un ṣe. Ta ló wá ń bá yín tún un ṣe látìgbà yìí? Ètò kan tẹ́ ẹ ò mọ̀ ló ń gbé inú ẹ̀rọ yín.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnjiníà yára fọ tòkunbọ̀ yín nù kó tó yẹ̀ ẹ́ wò. Látìgbà tí Windows 8 ti jáde lọ́dún 2012 ni àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ti ń kọ kọ́ọ̀dù ìyọ̀ǹda sínú bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ gan-an. Ṣáájú ìgbà yẹn, ara sítíkà tó wà nídìí láptọ́ọ̀pù ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ẹ lọ gba Windows láti ibi tí Microsoft fi sí fúnra wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ mú irú tó bá ti tẹ́lẹ̀ mu, Home fún Home, Pro fún Pro. Ìjọba Èkó ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé àwọn ó kó ọjà kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Computer Village kúrò ní Òtígbà wá sí Katangowa, lápá ọ̀dọ̀ wa níbí. Ì báà jẹ́ Òtígbà, ì báà jẹ́ Katangowa, ẹni tó bá ta kọ́ọ̀dù fún yín ní owó tí kò tó owó ìrẹsì àti ẹran, tí kò sì fún yín ní rìsíìtì, kọ́ọ̀dù iléeṣẹ́ ẹlòmíì ló ṣeé ṣe kó tà. Ọjọ́ tí Microsoft bá tì í pa, ẹ ò ní í rí i mọ́.

Ohun tó dun ọ̀rẹ́ mi jù nìyí. Nígbà tá a jókòó láti tún ẹ̀rọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tò, a fi Windows tòótọ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin nínú wọn, HP méjì àti Dell méjì, ò béèrè kọ́ọ̀dù lọ́wọ́ wa rárá. Gbàrà tí wọ́n rí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ṣí fúnra wọn. Ìyọ̀ǹda ti wà lára wọn láti òkè òkun. Ó wò mí, ó ní: "Àbí ohun tó jẹ́ tèmi ni mo lọ ń jí láti ọjọ́ yìí?" Mi ò lè rẹ́rìn-ín.

Àwọn méjì tó ti dàgbà la fi Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ dípò Windows, sí. LibreOffice, ètò ọ̀fẹ́ tó ti wà láti ọdún 2010, la fi sórí gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó ń béèrè iye ẹ̀rọ tàbí pé òwò ni tàbí ilé. Lóòótọ́, ó máa ń sún tábìlì àti ìlà díẹ̀ nígbà tó bá ṣí ìwé tí wọ́n fi Word ṣe, nítorí náà ọmọṣẹ́ ti mọ̀ pé kóun máa gba iṣẹ́ oníbàárà ní PDF. Office tí ọ̀rẹ́ mi rà, orí láptọ́ọ̀pù tirẹ̀ nìkan ló wà.

Ìwé ọgọ́ta ojú ewé kan wà nídìí kanńtà rẹ̀ báyìí. Ó fa ìlà mẹ́fà sí ojú ewé àkọ́kọ́, ọ̀kan fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan: orúkọ ẹ̀rọ, ohun tó wà lórí rẹ̀, ibi tí ìyọ̀ǹda rẹ̀ ti wá, ọjọ́ tí yóò parí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnjiníà mìíràn yà síbẹ̀, ó fa fíláàṣì yọ, ó lóun ní Office tuntun. Ọmọṣẹ́ ò dáhùn. Ó ṣí ìwé náà, ó fi bírò há etí, ó ní: "Bùrọ̀dá, ìlà wo ni ká kọ ọ́ sí?"