Ṣé áàpù lè fún mi ní oorun?

Ìbéèrè: Dókítà, aṣọ ni mo ń tà lọ́jà Atákúmọ̀sà, n'Íléṣà. Ó ti lé ní oṣù 4 tí n kò ti rí oorun sùn dáadáa. Aago 9 ni mo ń wọlé sùn, ṣùgbọ́n ojú mi á dá wáí títí wọn á fi pe ìrun àsùbáà. Ọmọ mi tó ń gbé l'Óṣogbo fi áàpù kan sórí fóònù mi, ìró òjò ló ń dún nínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n lọ ra oògùn oorun ní kẹ́míìsì. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá wa. Àìróorunsùn tó ti ré kọjá oṣù 3 ti di àìsàn tó yẹ kí a tọ́jú. Ìró òjò lè tuni lára, àmọ́ kì í wo àìsàn yìí. Áàpù tó ń wò ó ni èyí tó ń yí ìṣe wa padà. Ní ọdún 2022, NICE, àjọ tó ń yẹ ìtọ́jú wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fọwọ́ sí áàpù Sleepio fún àwọn tí dókítà ì bá kọ oògùn oorun fún. Èyí tí ẹ kò ní í san owó fún ni Insomnia Coach, tí iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń tọ́jú àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì ṣe. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, nítorí náà kí ọmọ yín jókòó tì yín.

Iṣẹ́ wà níbẹ̀ o. Láràárọ̀ ni ẹ ó máa kọ ìgbà tí ẹ dùbúlẹ̀, ìgbà tí oorun gbé yín lọ àti ìgbà tí ẹ jí. Bí dátà bá tán, ìwé àti bírò tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohun tó le jù: ẹ ó dín àkókò orí ibùsùn kù. Ká ní wákàtí 5 péré lẹ ń sùn, ẹ má wọlé sùn mọ́ ní aago 9. Ẹ dúró di aago 12, kí ẹ sì dìde ní aago 5, ìbáà jẹ́ pé oorun kò kún ojú. Bí oorun bá ti ń dán mọ́rán, ẹ ó máa fi ìṣẹ́jú 15 kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá sì dùbúlẹ̀ tó bí ìṣẹ́jú 20 tí oorun kò dé, ẹ dìde lọ jókòó níbòmíràn, kí ẹ má ṣí WhatsApp rárá. Oorun á máa kùn yín lọ́sàn-án ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí náà ẹ má wa ọkọ̀. Ẹni tó ní wárápá kò gbọdọ̀ dán àdínkù yìí wò láìjẹ́ pé dókítà ń mójú tó o.

Oògùn oorun tí dókítà kò kọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rà á. Ara tètè máa ń mọ́ ọn, ó sì ń mú kí àgbà ṣubú lóru.

Àwọn nǹkan kan wà tí irú áàpù yìí kò lè rí: híhanrun tó ń gbé èémí dúró, ìtọ̀ òru lemọ́lemọ́, ìbànújẹ́ tí kò lọ. Ilé ìwòsàn Wesley Guild kò jìnnà sí yín n'Íléṣà. Ẹ lọ fara hàn dókítà níbẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín àkókò orí ibùsùn kù, kí ẹ sì mú àkọsílẹ̀ oorun yín dání.