Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn Àwọn Àgbà àti Ìpamọ́ Oògùn Wọn

Ní Sábó ti Ọ̀yọ́ àti Sábó ti Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí Hausa àti Yorùbá ti jọ ń gbé, àgbà kì í sábà sọ pé ọkàn òun ti rẹ̀wẹ̀sì. Ohun tí yóò wí ni pé orí ń gbóná, tàbí pé òun kò rí oorun sùn. Bí ó bá wá dẹ́kun àtilọ sí mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, tí ó sì ń wí pé òun ti di ẹrù fún àwọn ọmọ, àwọn ará ilé a ní ogbó ni. Kì í ṣe ogbó. Àìsàn ni, ó sì ní ìwòsàn. Ṣùgbọ́n bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè mú kí àgbà gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Òwe tí ó ní ikú yá ju ẹ̀sín kò bá ọ̀rọ̀ yìí mu, nítorí àìsàn kì í ṣe ẹ̀sín.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù pé bíbéèrè ni yóò fi èrò ikú sí àgbà lọ́kàn. Àwọn oníṣègùn ti rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ kúnlẹ̀ tì í, kí ó wí pé: “Bàbá, ǹjẹ́ ó ti ń ṣe yín bíi pé kí ẹ má wà láyé mọ́?”

Ní ti oògùn, ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ara tó yá, kò sì yẹ kí a dá a dúró lójijì láìbi dókítà. Oògùn a máa pẹ́ lára àgbà ju ti ọ̀dọ́ lọ. Amitriptyline lè mú kí òòyì kọ́ ọ bí ó bá dìde, kí ó sì ṣubú. Bẹ́ẹ̀ náà ni diazepam tí wọ́n ń lò fún oorun, èyí tí ó léwu gidigidi bí a bá pò ó mọ́ ọtí tàbí tramadol. Oògùn oríṣiríṣi tí oníkẹ́míìsì dì sínú ọ̀rá kan ṣoṣo, tí kò ní orúkọ, kò yẹ ní jíjẹ.

Kí ẹnì kan nínú ilé fi kọ́kọ́rọ́ ti oògùn náà pa, kí ó máa fún àgbà ní ti òòjọ́. Kí wọ́n bẹ dókítà pé kí ó máa kọ ti ọ̀sẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan. Kí wọ́n kó oògùn apakòkòrò kúrò nílé pẹ̀lú. Èrò àtikú a máa le fún ìgbà díẹ̀, a sì máa rọlẹ̀; ẹni tí kò rí ohun búburú nítòsí ní wákàtí yẹn lè yè.

Iṣẹ́ ẹbí nínú irú ìtọ́jú yìí ti pẹ́. Ní 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò, lẹ́bàá Abẹ́òkúta: àwọn aláìsàn ń gbé nínú abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, ẹbí kan sì ní láti bá olúkúlùkù wá, kí ó máa dáná fún un, kí ó sì máa sìn ín lọ gba ìtọ́jú.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ lè lọ sí ilé ìwòsàn LAUTECH; ará Ọ̀yọ́ lè kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn Ìjọba, kí wọ́n ti ibẹ̀ darí rẹ̀ sí UCH ní Ìbàdàn bí ó bá yẹ. Kí wọ́n kó gbogbo oògùn ilé dání, àti àgbo pàápàá. Bí àgbà náà kò bá gbọ́ ju Hausa lọ, kí ẹni tí ó gbọ́ èdè méjèèjì bá a lọ. Bí ó bá sì ti sọ̀rọ̀ ikú, kí wọ́n má ṣe fi òun nìkan sílẹ̀, lọ́sàn-án tàbí lóru, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ dókítà.