Àdéhùn Yunifásítì: Lẹ́yìn Fọ́tò, Kí Ló Kàn?

ÌBÉÈRÈ

Ọmọ Òde-Ìrẹ̀lẹ̀ ni mí, mo sì ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan. Ọdọọdún ni àlejò ń wá bá wa láti yunifásítì ilẹ̀ òkèèrè. Gíwá wa á tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, àwọn náà á tọwọ́ bọ̀ ọ́, a ó ya fọ́tò, a ó jẹun, ó parí. A kò ní gbúròó wọn mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ wa kankan kò tíì lọ, ìwádìí kankan kò tíì jáde. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní kí n wá ọ̀nà Kánádà ní tèmi, ṣùgbọ́n ilé wù mí í gbé. Kí ni irú èmi tí kì í ṣe gíwá lè ṣe tí àjọṣe yìí yóò fi ní láárí?

Olùkọ́ kan, Òde-Ìrẹ̀lẹ̀

ÌDÁHÙN

Olùkọ́ wa, ẹ kú ìfaradà. Inú mi dùn pé ẹni tí kì í ṣe gíwá ló béèrè, nítorí ọwọ́ irú yín gan-an ni iṣẹ́ náà wà.

Àjọṣe pẹ̀lú òkèèrè kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Nígbà tí wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, abẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ló wà. Lọ́ńdọ̀nù ló ń fi oyè fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ títí di 1962 tí Ìbàdàn dá dúró. Oyè náà níyì níbi gbogbo, ṣùgbọ́n ẹnì kan ló ń pàṣẹ, ẹnì kejì ń gbọ́.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa ni ti àdúgbò Ìdíkàn, ní Ìbàdàn yìí kan náà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1992. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun, àgbà oníṣègùn ọpọlọ, àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Hugh Hendrie ti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà, ìbéèrè kan náà ló ń jẹ wọ́n lọ́kàn: ṣé bákan náà ni àrùn ìgbàgbé ṣe ń mú àwọn àgbàlagbà Yorùbá àti àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà ní ìlú Indianapolis? Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lè dá a dáhùn. Wọ́n ń ti ilé kan bọ́ sí èkejì ní ìlú méjèèjì. Ìyá arúgbó tí kò wọ ilé ìwé rí, ẹ kò lè ní kó ṣe ìṣirò lórí tákàdá, kó má gbà á, kí ẹ wá ní iyè rẹ̀ ti ra. Wọ́n tún ìbéèrè tí wọ́n fi ń yẹ iyè wò tò kó lè bá ẹni tó kàwé àti ẹni tí kò kàwé mu, wọ́n sọ ọ́ di Yorùbá, wọ́n sì ń bi àwọn ará ilé bóyá Màmá ṣì ń ṣe bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Èsì tó jáde ní 2001 ya gbogbo ayé lẹ́nu. Nínú 1,000 àwọn tó ti lé ní ọdún 65, nǹkan bí 12 ni àrùn Alzheimer's ń mú lọ́dọọdún ní Ìbàdàn. Ní Indianapolis, nǹkan bí 25.

Ọ̀ṣúntókun kò rí èsì yẹn, ó ti kú ní 1995. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn Ìbàdàn bíi Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì gba iṣẹ́ náà, wọ́n sì bá a lọ. Àdéhùn tí gíwá méjì bá tọwọ́ bọ̀, tí kò sí irú ìbéèrè yìí nínú rẹ̀, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ fi í ṣe.

Ẹ̀yin náà ní ìbéèrè, ó sì wà ní ìlú yín. Ní oṣù kẹrin 2015, ikú ń pa àwọn ènìyàn ní Òde-Ìrẹ̀lẹ̀. Orí á máa fọ́ ẹni, ojú á ṣókùnkùn, kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti tán. Ó kéré tán, ènìyàn 18 ló lọ. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú, àwọn mìíràn ní oògùn tí wọ́n fi ń pa koríko ni. Nígbẹ̀yìn, methanol inú ògógóró ni wọ́n sọ pé ó pa wọ́n. Ó ṣì ń dùn mí pé lẹ́yìn ariwo ọ̀sẹ̀ díẹ̀, gbogbo wa gbàgbé. Níbo ni methanol ń gbà wọ inú ọtí? Báwo ni ẹni tó ń pọn ọ́n lẹ́bàá odò ṣe lè mọ̀ kó tó gbé e lọ sọ́jà? Olùkọ́ kẹ́mísírì ló ni ìbéèrè yẹn.

Ẹ má kọ́kọ́ wo Kánádà. Ní orílẹ̀-èdè Benin, wọ́n ń pọn irú ọtí yìí láti inú ẹmu, sódábì ni wọ́n ń pè é. Ẹ kò nílò fíìsà kí ẹ tó dé Yunifásítì Abomey-Calavi. Bí Faransé bá ń bà yín lẹ́rù, àwọn tó ń sọ Yorùbá pọ̀ ní Kétu àti Pọ̀bẹ̀; Pọ̀bẹ̀ yìí sì ni ilé ìwádìí ọ̀pẹ wọn wà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí ti ba àárín wa jẹ́. Akọ̀ròyìn kan fi hàn pé òun gba ìwé ẹ̀rí ní Kútọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré, ìjọba wa sì dá gbígba ìwé ẹ̀rí Benin àti Tógò dúró ní oṣù kìíní 2024. Àwọn tó ń ta ìwé ẹ̀rí ló jẹ̀bi, kì í ṣe olùkọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Irú ìwádìí tí mo ń sọ yìí ló lè dá ìgbẹ́kẹ̀lé padà.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ẹni kẹta tó ní ẹ̀rọ tí ẹ kò ní, kó jẹ́ Jámánì, kó jẹ́ Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti la ojú sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ní Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ ti bá Pardis Sabeti ti Harvard ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí ibà Lassa, wọ́n sì rí i pé ẹ̀rọ àti ìmọ̀ wá dúró sí Ẹdẹ. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí kòrónà wọ Nàìjíríà ní 2020, Ẹdẹ ni wọ́n ti ka jínómù rẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà. Nítorí náà, kí ẹ tó fi ìgò ọtí kan ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ta ni yóò tọ́jú ìyókù, orúkọ ta ni yóò ṣáájú nínú ìwé tí ẹ bá tẹ̀ jáde, akẹ́kọ̀ọ́ yín wo ni yóò lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ náà.

Ojú ìwé kan ṣoṣo ni kí lẹ́tà yín jẹ́, kó lọ sọ́dọ̀ ènìyàn kan, kì í ṣe sí ọ́fíìsì. Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2015, ohun tí ẹ ti ṣe, àti ohun tó kù tí agbára yín kò ká. Kí ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìyanṣẹ́lódì lè dé. Oṣù mẹ́jọ ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, fi wà nílé ní 2022. Ẹ jọ fẹnu kò lórí ohun tí iṣẹ́ yóò ṣe ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, àti ẹni tí yóò máa gba àpẹẹrẹ ọtí lọ́wọ́ àwọn tó ń pọn ọ́n nígbà tí géètì ilé ẹ̀kọ́ bá wà ní títì.