Ẹ Mọ Iṣẹ́ Kí Ẹ Tó Jẹ́ Ọ̀gá

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń gbé kámẹ́rà kiri Ògìdì, mo rí i pé oyè olùdarí ti ń yá yín lára. Ẹ gbọ́ o: ẹni tí kò bá fẹ́ kí olówó máa darí òun, kó jẹ́ kí iṣẹ́ dá òun lójú ná.

Ẹ wo Túndé Kèlání, olùdarí fíìmù tí wọ́n bí lọ́dún 1948. Iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló ṣe n'Íbàdàn kó tó lọ kọ́ṣẹ́ fíìmù ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó dé, fíìmù àwọn ẹlòmíràn ló ń bá wọn yà. Òun ló wà nídìí kámẹ́rà fíìmù Ọ̀run Mooru tí Ọlá Balógun darí, tó jáde lọ́dún 1982. Ọdún 1991 ló dá Mainframe, ilé iṣẹ́ fíìmù tirẹ̀, sílẹ̀. Fíìmù rẹ̀, Ti Olúwa Ni Ilẹ̀, sì jáde ní 1993. Nígbà tó fi máa di ọ̀gá, ta ni yóò fi iṣẹ́ kámẹ́rà rẹ́ ẹ jẹ?

Ẹ má sì fi tipátipá sọ ara yín di òǹkọ̀wé. Ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni Kèlání fi ṣe fíìmù Ó Le Kú ní 1997. Ìṣọ̀lá kan náà ló kọ fíìmù Ṣaworoidẹ fún un. Ẹ lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ, ẹ sanwó ẹ̀tọ́ rẹ̀, kí ẹ sì jọ tọwọ́ bọ̀wé.

Bí ẹ bá fẹ́ ya ìyá tó ń hunṣọ nílùú wa, ẹ kí i, ẹ gbàyè, kí ẹ jókòó tì í. Ẹ má ní kó dáwọ́ dúró kó wo kámẹ́rà. Ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yà, bó ṣe ń ti òwú gba àárín òwú. Ẹ dúró títí igi tó fi ń gbá a wọlé yóò fi dún dáadáa, kí ẹ tó wá yí sí ojú rẹ̀. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà, kó má bo ìró igi náà mọ́lẹ̀. Òǹwòran tó bá gbọ́ ọ ti mọ wàhálà tó wà nídìí aṣọ. Ẹ ò nílò alálàyé.

Ẹ jẹ́ kí ìyá náà sọ èdè Ògìdì tó ń sọ nílé, kí ẹ kọ ìtumọ̀ sí ìsàlẹ̀ àwòrán. Bẹ́ẹ̀ náà ni Níkẹ Òkúndayé, ọmọ ìlú yìí, ṣe gbé àdìrẹ dé òkè òkun, àdìrẹ náà ò sì yí padà di nǹkan mìíràn.

Bí fíìmù àkọ́kọ́ bá kéré, kò burú. Ẹ ṣáà rí i pé gbogbo ẹni tó bá yín ṣe é gbowó rẹ̀ pé, kó lè wù wọ́n láti tún bá yín ṣe òmíràn.